Ìbéèrè Mẹ́ta Tí Ramlah Kò Bi Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìlàjì, tí ẹ ó ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́ tán ló pa ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

1.
Ọmọ Ṣakí ni Ramlah. Ó kọ́ aṣọ rírán, kò mọ́ ọn lára. Ó ta káàdì fóònù, ó sú u. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ ṣubú, tí ẹ̀yìn kò jẹ́ kó dìde, ni wọ́n gbé e lọ sí Ago-Amodu, lọ́dọ̀ Ìyá Ògúndèjì, ìyàwó ọdẹ kan tó máa ń fi òrí wọ́ra fún àwọn àgbẹ̀ tí ebè kíkọ ti bà lẹ́yìn jẹ́. Ramlah jókòó, ó ń wo ọwọ́ màmá náà. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi mọ́tò. Ramlah ní òun ò bá a lọ mọ́.

"Ìyá, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ yìí."

Ọdún méjì ló lò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀: ọmọ náà mọ iṣẹ́. Bí àgbẹ̀ bá tẹ̀ wọlé, tó sì nàró jáde, orin ni Ramlah yóò máa kọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ti rí ohun tí Ọlọ́run dá a fún.

2.
Òfin kan wà nílé náà. "Ẹnu ni kó kọ́kọ́ dé ara aláìsàn kí ọwọ́ tó dé." Ìbéèrè mẹ́ta ni: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ kan ló wú ni, àbí méjèèjì? Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àbí o dùbúlẹ̀ pẹ́, àbí o ti ọ̀nà jíjìn bọ̀? Lẹ́yìn náà ni màmá yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì wò. Bí ọ̀kan bá wú, tó sì gbóná ju èkejì lọ, kò ní tẹ̀ ẹ́. Yóò dé igbá òrí rẹ̀, yóò ní kí wọ́n máa gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù.

"Ìyá, wọ́n ń bínú lọ o."

"Kí wọ́n máa bínú. Kí wọ́n ṣáà wà láàyè."

3.
Ramlah ṣe fúrídọ̀mù. Igbá òrí kan ni ọ̀gá rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ. Ó gba ṣọ́ọ̀bù ní Ṣakí, ó ra bẹ́ẹ̀dì, ó ra irin tí wọ́n ń gbé fóònù kọ́ láti ya fídíò. Kò pẹ́ tí èrò fi ń tò lẹ́nu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọlé. Ìbéèrè ń jẹ́ kí èrò pọ̀ jù lórí ìjókòó. Ìbéèrè kì í sì í dùn nínú fídíò. Ó gé e kù sí méjì, ó gé e kù sí ọ̀kan, ó pa á tì. Ìyá Ògúndèjì pè é lórí fóònù: "Ramlah, mo wo fídíò rẹ. Mi ò gbọ́ ohùn aláìsàn níbẹ̀."

"Ìyá, ayé ti yàtọ̀. Ọwọ́ mi ti mọ ara."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀!

4.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Sodiqat, wà nílé ọkọ ní Kíṣí. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọmọ lórúkọ tán, ó gbé e bọ̀ ní Ṣakí kí ìyá wọn lè máa wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ bó ṣe pẹ́ tó nínú mọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, ó tiro wọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀.

"Ramlah, bá mi wo ẹsẹ̀ yìí. Ọ̀kan yìí nìkan ló..."

"Àǹtí mi, ẹ dùbúlẹ̀. Ìrìn àjò ni." Ó ti ń tan fóònù.

"Ó ń gbóná, ó sì tún..."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà mí gbọ́ o!" Ramlah kọjú sí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo Òkè-Ògùn ló mọ ọwọ́ yìí, ó ku ẹ̀gbọ́n mi!"

Sodiqat náà rẹ́rìn-ín, ó sì dùbúlẹ̀. Ramlah bu òrí, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ wọlé dáadáa. Kò pẹ́ tí Sodiqat fi dìde jókòó, ó di àyà mú.

"Mi ò lè mí, Ramlah. Ọmọ mi o."

Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ló ṣí i nídìí, tó fi lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. "Ta ló tẹ ẹsẹ̀ yìí?" Òrí ṣì ń dán lọ́wọ́ Ramlah.

5.
Àwọn tó wá kí wọn ń sọ pé kádàrá ni. Ẹ má sọ ìyẹn fún mi! Kádàrá kọ́ ló gé ọ̀rọ̀ mọ́ obìnrin náà lẹ́nu.

Ìyá Ògúndèjì wá láti Ago-Amodu. Ó ní kí wọ́n tan fídíò náà fún òun. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ìbéèrè mélòó lo bi í?"

Ramlah bú sẹ́kún. Màmá náà gbé igbá òrí tó fi ta á lọ́rẹ, ó fi ìborùn bò ó, ó jáde. Láti ọjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì. Káàdì fóònù ni Ramlah tún ń tà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wọn ń wẹ ọmọ Sodiqat, ọmọ ń ké. Ẹ̀yìn tó ti ń dun ìyá wọn tẹ́lẹ̀ tún mú un. Ramlah sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ kó bá a gba ọmọ. Ìyá wọn gbá ọmọ náà mọ́ àyà, omi ń ro sílẹ̀.

"Má fi ọwọ́ yẹn kàn án."

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ́ra fún ènìyàn, iṣẹ́ iyì ni iṣẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kí òkìkí di yín létí. Ẹ̀yin aláìsàn, bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó ń gbóná, tó ń dùn yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ. Bí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì wọn! Ramlah mọ iṣẹ́, kò kàn béèrè ni. Abèèrè kì í ṣìnà.