Ẹni Tí Solène Ń Pè Ní Ẹ̀yin

Ghislain Pradier, dókítà etí kan ní Paris, kò jowú rí títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mú síkáàfù tí ìyàwó rẹ̀ gbàgbé sílé lọ fún un níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Solène ni ìyàwó náà ń jẹ́. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣeré fíìmù. Ó ti kọrin sínú àwo méjì, ó ti kọ ìwé kan, ó sì ti darí fíìmù tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ọkọ rẹ̀, ìyẹn kò sì dun ọkọ rárá.

Láàrin àwọn tó ń ya fíìmù, ẹnikẹ́ni kì í pe ẹnì kejì ní ẹ̀yin. Olùdarí, káfíńtà, ẹni tó ń kun àtíkè, ìwọ ni gbogbo wọn. Ghislain dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wáyà, ó ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀.

"Odile, o tún ti pẹ́," Solène sọ fún olùdarí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Corentin, ọkùnrin tó ń ṣe olólùfẹ́ rẹ̀ nínú fíìmù náà. "Ẹ jọ̀ọ́, Corentin, ẹ sún mọ́bí díẹ̀."

"Mo ti sún, màdáámú." Corentin kò wo ojú rẹ̀.

Ghislain rò ó wò. Ta ló ń bọ̀wọ̀ báyìí fún ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù lọ? Ẹni tó bá ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ó gbé síkáàfù lé orí àga, ó bá tirẹ̀ lọ.

Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ṣòkòtò rẹ̀ ti ń jábọ́ nídìí. Ó ń gbóòórùn kóòtù ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó yẹ etí òsì obìnrin kan wò tán kó tó rántí pé ọ̀tún ló ń dùn ún.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá Solène lẹ́nu wò lórí rédíò.

"Kí ni àṣírí iṣẹ́ yín, màdáámú?"

"Mi ò kí ń purọ́ níwájú kámẹ́rà."

"Ibo lẹ wá ti ń pa á?"

"Nílé ni, bíi ti gbogbo ayé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ghislain náà rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnì, ó sì pa rédíò.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, ó béèrè. "Kí ló dé tó jẹ́ Corentin nìkan lò ń pè ní ẹ̀yin?"

Solène gbé ṣíbí sílẹ̀. "Tìtorí ìyẹn lo ò ṣe jẹun láti ọjọ́ yìí? Ghislain, o mà ń jowú."

"Mo ń jowú. Dá mi lóhùn."

"Nínú fíìmù yẹn, ẹ̀yin lobìnrin náà ń pe ọkùnrin náà títí dé ìparí. Ìparí yẹn gan-an ló ti máa kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. Tí mo bá ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré káàkiri, ṣé iyọ̀ á ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lò ó? Mo tọ́jú rẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ mi nìyẹn."

Ojú ti Ghislain. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ abọ́ ẹ̀wà lẹ́ńtì méjì. Lọ́jọ́ kejì ó fi ìgò wáìnì ránṣẹ́ sí Corentin. Kò sí aláìsàn tí kò rò ó fún: "Ọ̀rọ̀ kan péré, oṣù mẹ́ta gbáko nìyàwó mi fi tọ́jú rẹ̀."

Oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀lé e ni fíìmù náà jáde. Ghislain jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní sinimá, Corentin wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó tẹ́tí. Obìnrin inú fíìmù gbójú sókè ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

"Ẹ máa lọ," ó ní. "Ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́."

Ọkọ̀ gbéra. Orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ghislain ṣì ń retí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí gbogbo sinimá dìde pàtẹ́wọ́, tí Solène sì yí orí sẹ́yìn díẹ̀, tó sọ fún Corentin pé: "Má tẹ̀lé wa o, tó bá ti sùn, màá pè ọ́."