Ajá Tó Kọ Oúnjẹ

Ọjọ́ kẹta rèé tí ajá Màmá Àṣàkẹ́ kò fẹnu kan oúnjẹ. Ọkàn màmá ò balẹ̀ mọ́, ló bá fà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ajá àti ológbò ti ń fẹnu ara wọn yan ohun tí wọn yóò jẹ. Ológbò kan tilẹ̀ dúró níbẹ̀ tó ń ṣe fáàrí, ó ní òun ò jẹ ẹja àná.

Fọláṣayọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù so ọ̀já tí ń sọ gbígbó di ọ̀rọ̀ mọ́ ajá lọ́rùn. Ó gbé ẹran gbígbẹ kalẹ̀, ó fi egungun rọ́bà tí ajá ń họ jẹ tì í.

"Èwo lo fẹ́?"

Ajá wo ojú màmá. "Màmá, oúnjẹ kọ́. Orúkọ mi ni."

Ẹnu màmá là sílẹ̀. Nítorí obìnrin aládùúgbò kan tó bá a jà ló ṣe sọ ajá ní Ìkà-á-pa-oníkà, tó sì ń fi ìbínú pariwo rẹ̀ láràárọ̀ kí obìnrin náà lè gbọ́.

"Èmi lẹ ń pè, ẹlòmíràn lẹ ń bú. Oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi mọ́."

Fọláṣayọ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá, ajá kẹta rèé tó ń ráhùn orúkọ láti àdúgbò yín lọ́sẹ̀ yìí!"

"Háà! Ọmọ mi, má bínú." Màmá kúnlẹ̀ tòun tọgọ́rin ọdún, ó fi orúkọ tuntun dá orin fún un:

"Mo-rí-ẹ-yọ̀ o, dúdú tó ń dán,
Mo-rí-ẹ-yọ̀, ará ilé mi,
Wá jẹun kó o yó."

Ajá tẹ́tí títí orin fi parí, ó wá ki ẹnu bọ àwo.

"Ẹ tún un pè, màmá," ó wí, ẹran ti kún un lẹ́nu.