Ẹlẹ́bùn àti Ojú Ìyá Rẹ̀

Ìgbéraga ló ba Ẹlẹ́bùn jẹ́. Onífọ́tò ni, àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé ojú rẹ̀ mú. Bó bá ní kí o yí ọrùn díẹ̀, ó ti rí ẹwà tí ìwọ fúnra rẹ ò mọ̀ pé o ní. Ṣùgbọ́n kò gbà pé ó yẹ kí ọwọ́ òun náà kọ́ nǹkan kan.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń kó àwọn ọmọṣẹ́ wọ yàrá ẹrù tó ṣókùnkùn, kí wọ́n máa ya ara wọn láìlo fíláàṣì, títí ọwọ́ wọn ò fi ní gbọ̀n mọ́. Ẹlẹ́bùn a jókòó síta, a máa tẹ fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fáwọn tó ń tiraka. Wọ́n bí i mọ́ mi ni."

"Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ni ọ̀gá wí. Ẹlẹ́bùn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dá dúró, ó gbé iná ńlá sí gbogbo igun ṣọ́ọ̀bù, èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́.

Kò pẹ́, kókó burúkú yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀. Dókítà ní àwọn máa gé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú náà ò sì ní rí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ìyá ránṣẹ́ pè é sílé ìwòsàn nírọ̀lẹ́. Fọ́tò ìgbéyàwó tó ti ṣá nìkan ló ní. Onífọ́tò ṣáà wà nílé, ta ló tún máa fi fóònù yà á?

"Ọmọ mi, ya ojú yìí fún mi. Òun ni bàbá yín rí tó fi fẹ́ mi."

Nọ́ọ̀sì ní kó má lo fíláàṣì, torí àwọn aláìsàn tó ń sùn. Gílóòbù kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ yọ. Ẹlẹ́bùn yà á léraléra, ó yọjú wo gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ dára lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jókòó ti ìyá bi í pé, "Ṣé o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?"

"Àǹtí mi, èmi lẹ ń bi bẹ́ẹ̀?"

Àárọ̀ ló tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹyọ kan tó hàn kedere. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n, ojú ìyá di mẹ́rin, èjí di àbàwọ́n. Ó sáré dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti gbé ìyá wọlé iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú báńdéèjì, ìyá wo dígí pẹ́, ó dà á délẹ̀, ó sì béèrè fọ́tò rẹ̀. Ẹlẹ́bùn nà án sí i pẹ̀lú ìtìjú.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

Ìyá wo omijé ojú ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àlejò tó bá dé ló ń sọ fún pé, "Ọmọ mi yà á dáadáa o, iná ibẹ̀ ni ò tó." Ẹlẹ́bùn á dorí kodò, á máa wá ihò tó máa kó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Ẹlẹ́bùn, kì í jẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin tí nǹkan rọrùn fún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀bùn ló ń jẹ́ kéèyàn rí ohun tó dára, ìdánrawò ló ń jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ máa fi ọwọ́ yín kọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí nǹkan kan lọ́dọ̀ yín, torí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá dúró dọjọ́ tí ìyá rẹ̀ nílò rẹ̀ ti pẹ́ jù.