Iṣẹ́ Tí Troels Ò Lè Ṣe Mọ́

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyàwó Troels dùbúlẹ̀ ni iṣẹ́ ò ti wọ̀ ọ́ lára mọ́. Vibeke, olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tí Troels ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan nílùú Aarhus, ló kọ́kọ́ fura. Ètò kọ̀ǹpútà fún títa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí Troels kọ ń ta àyè kan ṣoṣo fún èèyàn méjì. Vibeke tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ó sì fi orúkọ Troels sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó di iṣẹ́ àràárọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, Vibeke á ti jókòó sídìí tábìlì ìdáná rẹ̀, á máa ṣe iṣẹ́ Troels títí kọfí á fi tutù. Tó bá dé ọ́fíìsì, oorun á máa kùn ún. Àwọn ìjábọ̀ tó yẹ kó kọ fún ọ̀gá àgbà wà nílẹ̀. Ó gbàgbé ìpàdé kan, ó tún gbàgbé òmíràn.

"Vibeke, jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn," Troels wí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Kò tíì fọwọ́ kan búrẹ́dì dúdú iwájú rẹ̀. "Ojú ń tì mí."

"Kí lo fẹ́ sọ? Wọ́n á lé ọ ni. Ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́ báyìí? Jẹun, jàre."

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, wọ́n kéde pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kúrò ní ẹ̀ka wọn. Ejnar, ọ̀gá àgbà, ní bí iṣẹ́ oníkálukú bá ṣe rí lórí kọ̀ǹpútà lòun máa fi ṣèdájọ́. Ọkàn Vibeke ò balẹ̀ mọ́. Ó dín oorun kù sí i. Iṣẹ́ Troels wá ń dán gbinrin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ejnar ránṣẹ́ pe Vibeke. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, ó rí Troels tó ti jókòó síbẹ̀, tó dorí kodò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, kó tó jókòó pàápàá. "Ìṣòro ilé lè dé bá ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe sùúrù fún un díẹ̀ sí i. Èmi ni mo dúró fún un."

Ejnar wò ó tìyanutìyanu. "Ta lò ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

"Troels ni."

Ejnar yíjú sí Troels.

"O ò tíì sọ fún un?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́," Troels dáhùn. Kò gbójú sókè.

"Vibeke, kò sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ dáa tó ti Troels lọ́dún yìí," Ejnar wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ìwọ là ń dá dúró, òun ló sì máa gba ipò rẹ lọ́jọ́ Ajé."