Òórùn Ọbẹ̀ Màmá Dùnsìn

Òórùn ọbẹ̀ tún ń ta sánsán láti ilé Màmá Dùnsìn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ti Zipporah lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ara ń fu Zipporah.

Ṣebí ṣọ́ọ̀bù ọkọ obìnrin yìí ní France Road ti kógbá sílé?

Lọ́jọ́ Àìkú, wòlíì ní kí ẹni tí kò bá ní oúnjẹ nílé jáde wá gba ìrẹsì. Orí bẹ́ǹṣì kan náà làwọn méjèèjì jókòó sí. Màmá Dùnsìn kò dìde.

Ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ ṣọ́ọ̀ṣì wà.

Ìfura loògùn àgbà. Zipporah kanlẹ̀kùn, kò dúró gba èsì tó fi wọlé.

"Sannu da aiki, ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Dùnsìn. Ọbẹ̀ yín mà ń dá ọ̀fun tòlò."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìkòkò yẹn."

Ó ti ṣí i.

Kò sí ẹran, kò sí ata. Àlùbọ́sà kan ṣoṣo ló ń dín nínú epo díẹ̀.

"Kí ará ilé má baà mọ̀ ni," Màmá Dùnsìn sọ, ojú ń tì í. "Gàrí la fẹ́ mu."

Zipporah rọra dé ìkòkò náà padà.

"Ẹ bu kọ́rì díẹ̀ sí i," ó ní, "òórùn ẹ̀ á dé ìsàlẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn."