Oyin Àárọ̀ Ọjọ́ Eré

Oyin ti tán nílé, eré ìje sì ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò dojú ìgò délẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló yọ sí ẹnu ìgò, ó dúró síbẹ̀, kò já.

"Ṣebí àná lo ní o máa ra òmíì?" Ẹ̀gbọ́n ń so okùn bàtà eré rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo dé ọ̀dọ̀ olóyin, ó ti ilẹ̀kùn. Ṣé kí n já a wọlé ni?"

Ikùn ẹ̀gbọ́n kì í gba oúnjẹ lọ́jọ́ eré. Omi tí wọ́n fi oyin, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ díẹ̀ pò nìkan ló máa ń mu, kó tó gbéra àti lójú ọ̀nà. Kóòṣì tó ń kọ́ ọ léré a máa sọ fún un pé, "Ohun tó o bá mu ni ẹsẹ̀ rẹ máa jẹ." Ṣúgà funfun kò sì wọ ilé wọn mọ́ látìgbà tí àtọ̀gbẹ ti mú màmá àgbà.

Màmá àgbà ń mu tíì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ti gbé e mọ́. Ó ṣí agolo kékeré tó wà nínú tíréè, ó mú hóró méjì nínú èyí tí dókítà ní kó máa fi rọ́pò ṣúgà, ó jù wọ́n sínú kọ́ọ̀bù.

"Dídùn ẹ̀tàn," ó ní. "Eèrà gan-an mọ̀, kì í yà síbẹ̀."

"Ẹ ṣáà máa mu tíì yín, màmá," ni àbúrò wí.

Ẹni tó bá gba ipò kìíní lónìí ni wọ́n máa mú lọ sí ibùdó àwọn eléré, ọdún méjì gbáko. Òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú míì náà sì ti ń pe àbúrò pé kó wá dáná fún wọn. Màmá àgbà ti dá ẹjọ́ yẹn tipẹ́: "Ẹ̀yin méjèèjì ò lè fi mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ̀gbọ́n bá yege, kó máa lọ, kí àbúrò dúró." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Màmá Aránṣọ ni, aládùúgbò wọn tó ń gbé nísàlẹ̀. Òun ló bí Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó lè lé ẹ̀gbọ́n bá lórí eré ọlọ́nà jíjìn. Ó gbé ìgò oyin kan dání, ìda pupa dí ẹnu rẹ̀ pinpin.

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo ń gbọ́ ohùn yín látorí àtẹ̀gùn. Méjì ni mo rà fún ọmọ mi, ẹ gba ọ̀kan."

Màmá àgbà gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Kò dúpẹ́ títí obìnrin náà fi lọ.

"Ológbò tó bá ń fún eku lẹ́ja," ó ní, "ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá."

Ẹ̀gbọ́n wo ìgò náà. Lẹ́yìn eré tó kọjá, tó ti borí Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀, oṣù kan gbáko ni Màmá Aránṣọ ò fi dá a lóhùn bó bá kí i. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kan náà ló rán ṣòkòtò eré tó kọ́kọ́ wọ̀ láyé, ọ̀fẹ́ ló sì rán an.

"Oyin ni oyin. Pò ó fún mi."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni àbúrò bi í.

"Àbí kí n máa fi òùngbẹ sáré?"

Àbúrò kó tíréè tíì nílẹ̀, ó gbé ìgò oyin lé e, ó wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń gbọ́ ìró ṣíbí. Nígbà tó jáde, ike omi dúdú méjì ló kó lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n tọ́ ọ wò. "Háà, ó mà dùn o! Ó dùn ju tiwa lọ."

"Oyin olówó ni."

"Hùn-ùn," ni màmá àgbà wí.

Ẹ̀gbọ́n ló ṣáájú títí eré fi dé ìdajì. Ó ń mu omi rẹ̀ bí kóòṣì ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó gun orí afárá, òógùn tútù bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ kọjá lára rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ti ń rí aṣọ tí wọ́n ta sí òpin eré lọ́ọ̀ọ́kán kó tó ṣubú.

Nọ́ọ̀sì bu ṣúgà sí i lẹ́nu. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ là.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Omi oyin ni mo mu."

"Oyin kẹ̀? Tí ṣúgà wá tán lára rẹ báyìí?"

"Wọ́n ti ṣe é!" Kóòṣì ká ọwọ́ lérí. "Ta ló fún ọ ní oyin?"

Ike omi dúdú wà létí títì níbi tó bọ́ sí, omi tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ti dà sílẹ̀. Eèrà tò lọ tò bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò yà.

Nílé, màmá àgbà ò rí agolo rẹ̀ mọ́. Àbúrò sáré lọ ra òmíì fún un.

Àwọn aláṣẹ eré yẹ ike omi náà wò, wọn ò rí oògùn, wọn ò rí májèlé. "Ṣé gbogbo májèlé ló ń hàn ni?" làwọn ará ilé wí. Wọn ò gbé aṣọ lọ fún Màmá Aránṣọ mọ́. Ẹnì kan sọ òkò lu fèrèsé rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, ó gòkè wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Lóòótọ́ ni mo fẹ́ kí ọmọ mi borí rẹ," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n. "Lójú títì ni mo fẹ́ ẹ, kì í ṣe nínú ìgò."

Àbúrò ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ wà ní ibùdó báyìí. Àbúrò wà ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ń dáná. Ẹ̀gbọ́n ló ń wẹ̀ fún màmá àgbà, òun ló ń yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì, òun náà ló sì ń gbálẹ̀ ilé ìdáná.

Lẹ́yìn sílíńdà gáàsì tó sún láàárọ̀ yìí, agolo kékeré kan wà nílẹ̀ tó ṣófo, ìgò oyin kan sì dúró tì í, ìda pupa ṣì dí ẹnu rẹ̀ pinpin.