Abẹ Tí Misturat Tì Bọ Abẹ́ Ìró

Ẹ má dúró lágbedeméjì o. Ẹ ka ìtàn yìí tán, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń ránṣọ.

1. Ìsẹ́yìn ni Misturat ń gbé. Ìrépé aṣọ òfì tó bá ṣẹ́ kù lára èyí tí ọkọ rẹ̀ hun ló máa ń tò pọ̀, táá fi maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rán an di aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ náà wu ojú, àmọ́ òwú tí yóò gé kò lópin.

Ló bá mú ọ̀kọ̀ ìhunṣọ tó ti ṣẹ́, igi tí ọkọ rẹ̀ fi ń ti òwú kọjá nídìí òfì, ó la ẹnu rẹ̀, ó ki ààbọ̀ abẹfẹ́lẹ́ bọ̀ ọ́, ó fi òwú dì í pinpin. Fà á báyìí, òwú já! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé fídíò rẹ̀ sórí Wásáàpù.

2. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló rí ewu.

"Ìyàwó, ojú abẹ yìí wà níta. Wá awọ bò ó."

"Ẹ ṣé, Màmá, màá bò ó."

Irọ́ ni! Bí ìyá ti yíjú padà ló yọ ṣùtì. "Ta ni yóò máa ṣí i, táá tún máa dé e? Ọwọ́ tèmi ò gbọ̀n."

3. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń kánjú rán aṣọ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ síbi ìgbéyàwó ní Ṣakí. Ó gbọ́ ohùn ìyá lẹ́nu ọ̀nà. Àyà rẹ̀ já, torí abẹ ṣì wà ní ìhòòhò. Ẹ wá wo ohun tó ṣe: ó tì í bọ abẹ́ ìró tó ró sídìí!

Ìyá wọlé. Misturat fò dìde, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ìyàwó ilé tó lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ káàsán, Mà—"

Igbe ló gba ẹnu rẹ̀. Abẹ ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀, orí rẹ̀ gan-an ló fi orúnkún lé. Yéè! Ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ìrépé.

"Ìyàwó, kí lo fi pamọ́ fún mi?" Ìyá ń sunkún, ó ń fi gèlè orí rẹ̀ di ẹsẹ̀ náà.

4. Dókítà ní iṣan orúnkún ti já. Wọ́n rán an, ó jinná, àmọ́ ẹsẹ̀ náà kò ká mọ́. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ maṣíìnì nìyẹn o! Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Níjọ́ kan tó fẹ́ fi tipátipá kúnlẹ̀ kí ìyá, ìyá ló sáré dì í mú.

"Máà kúnlẹ̀ fún mi mọ́, ọmọ mi. Ká ní o ti gbọ́ tèmi ni."

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ ṣe irinṣẹ́ yín, kò burú, àmọ́ ẹ bo ojú abẹ. Bó bá sì jẹ́ ẹnu lásán lẹ fi dá àgbà lóhùn, ẹ dìde báyìí kẹ́ ẹ lọ ṣe é. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.